"Ọmọ Ọmọ Abíọ́dún": Bí Ọ̀rọ̀ Ẹbí Ṣe Ń Ṣi Ìtàn Ìdílé Lọ́nà



Bí ẹ bá ka ìtàn kúkúrú nípa Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lóde òní, àfàìmọ̀ ni kí ẹ má bá gbólóhùn kan pàdé níbẹ̀: pé ọmọ ọmọ Aláàfin Abíọ́dún ni, láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Afala. Wọ́n á kọ ọ́ wẹ́rẹ́ bí ẹni kọ ọjọ́ ìbí. Kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò, torí ó dùn ún gbọ́. Ọmọ tí ogun kó lẹ́rú láti Òṣogùn, tó padà di bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú Ìjọ Áńgílíkà ní 1864, ẹ̀jẹ̀ ọba tún wà lára rẹ̀. Ta ló fẹ́ ba irú ìtàn bẹ́ẹ̀ jẹ́?

Èmi náà kò fẹ́ bà á jẹ́. Mo kàn fẹ́ ká ka gbólóhùn yẹn bí a ṣe máa ń ka gbólóhùn nínú kíláàsì: ta ló sọ ọ́, èdè wo ló fi sọ ọ́, iṣẹ́ wo sì ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbẹ̀. Mo mú un torí pé púpọ̀ nínú yín ló ń wá baba ńlá tàbí ìyá ńlá tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ìwé ìdílé tí ẹ ń kó wá pé kí n bá yín wò sì kún fún irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi rèé, kí n tètè sọ ọ́: ohun tó ń ṣi àwọn tó ń wá ìdílé wọn lọ́nà jù kì í ṣe irọ́ àwọn àgbà. Ọ̀rọ̀ ẹbí Yorùbá tí wọ́n gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn tó kà á wá gbàgbé pé Yorùbá ni tẹ́lẹ̀, òun ló ń ṣi wọ́n lọ́nà.

Ohun tí Crowther fọwọ́ ara rẹ̀ kọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 1837, Crowther kọ lẹ́tà gígùn kan láti Sàró sí William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Olùkọ́ ló ń ṣe nígbà náà. Wọ́n tẹ lẹ́tà yìí mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìrìn-àjò Odò Ọya tí òun àti J. F. Schön kọ, tó jáde ní 1842. J. F. Adé Àjàyí, àgbà òpìtàn wa, tún gbé e jáde pẹ̀lú àlàyé nínú Africa Remembered ní 1967. Ẹni tó bá ń wá ìdílé Crowther, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ yà. Ẹ̀rí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i ni, ọdún mẹ́rìndínlógún péré sì ni ó wà láàrin ọ̀ràn náà àti ìgbà tó kọ ọ́.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Ó ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun dé bá wọn. Bàbá rẹ̀ sáré wá sílé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà síbi ìjà. Àjàyí kò tún fojú kàn án mọ́ láyé. Wọ́n mú òun, ìyá rẹ̀, "sister" méjì tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọwọ́ oṣù mẹ́wàá, àti "cousin" kan. Wọ́n fi okùn so wọ́n lọ́rùn mọ́ ara wọn bí ewúrẹ́, wọ́n dà wọ́n dé Ìsẹ́yìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti pín wọn. Ìgbà kan wà tí wọ́n fi ọmọ yìí ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn nìyẹn, títí tó fi dé Èkó, dé ọwọ́ àwọn Potogí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Myrmidon mú ọkọ̀ ẹrú tó gbé e, wọ́n sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ní Freetown ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà.

Lẹ́tà tó dára ni. Mo ti kà á láìmọye ìgbà, agbára rẹ̀ kò sì dín kù. Agbára ọ̀hún wà nínú orúkọ ibi. Ọmọdé tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ di orúkọ ìlú tí wọ́n gbà kọjá mú, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú rẹ̀, "Isehin" ni Ìsẹ́yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe fonọ́lọ́jì lọ́dọ̀ mi kò ní nílò àlàyé: h àti y ni wọ́n ń gba ipò ara wọn níbẹ̀, bí a ṣe ní ẹ̀hìn àti ẹ̀yìn. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí tó ṣeé gbé lé ilẹ̀. Èèyàn lè mú máàpù, kó tẹ̀ lé e.

Kí ni kò sí nínú rẹ̀? Abíọ́dún kò sí nínú rẹ̀. Kò síbi tí Crowther ti sọ fún Jowett pé ọmọ ọba lòun. Ẹ má tìtorí èyí sáré sọ pé irọ́ ni. Ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà mú un dé inú ẹ̀sìn ló ń sọ fún un, kì í ṣe ìtàn ìran rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń wádìí gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé tó pẹ́ jù, tó sún mọ́ ọ̀ràn náà jù, kò ní ọ̀rọ̀ yìí nínú. Àwọn tó kọ̀tàn ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́yìn ló gbé e wọlé. Bí ẹ bá ń kọ ìtàn ìdílé yín, ẹ máa fi ọdún tí a kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ kan kún ọ̀rọ̀ náà. Ó rọrùn láti ṣe, àwọn tó ń ṣe é kò sì pọ̀.

Ọmọ kì í ka ìran

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò rẹ̀. Aláàfin Abíọ́dún wàjà ní 1789. Afala kú ní 1883, wọ́n sì fojú bù ú pé ó tó ẹni ọdún 97. Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, nǹkan bí 1786 ni wọ́n bí i. Bí Crowther bá jẹ́ ọmọ ọmọ Abíọ́dún gẹ́gẹ́ bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe mọ "grandson", a jẹ́ pé Abíọ́dún fúnra rẹ̀ ló bí Afala, nígbà tó ku ọdún mẹ́ta kí ó wàjà. Kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó gbé e ró: ọjọ́ orí ìyá àgbàlagbà kan tí ẹnikẹ́ni kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yọ ọdún mẹ́rin péré kúrò nínú 97 yẹn, ọmọ á ti dẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ìkòkò náà fi jókòó sórí iná.

Ibi tí iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti wọlé nìyí. Kí ni "ọmọ" ń ṣe nínú èdè wa? Bí àgbàlagbà Ìjẹ̀ṣà tàbí Ẹ̀gbá kan bá sọ pé "ọmọ Odùduwà ni wá", kò sẹ́ni tó máa bi í pé ọdún wo ni Odùduwà bí i. "Ọmọ" nínú irú gbólóhùn yẹn kì í ka ìran. Ohun tó ń sọ ni ibi tí èèyàn ti ṣẹ̀. Nínú oríkì ló ti hàn jù: ọmọ ìlú, ọmọ orílẹ̀, ọmọ ẹni tó kú ní igba ọdún sẹ́yìn, gbogbo wọn á tò tẹ̀ lé ara wọn nínú mímí kan ṣoṣo. Karin Barber, tó gbé láàrin àwọn ará Òkukù, tó sì kọ ìwé ńlá lórí oríkì wọn ní 1991, fi hàn pé oríkì kì í to ìṣẹ̀lẹ̀ bí ẹni to ọdún. Ó fi hàn bákan náà pé àwọn obìnrin ló ń sun ún jù. Ẹni tó bá wá mú irú ọ̀rọ̀ yẹn, tó sọ ọ́ di àtẹ ìran lọ́wọ́ kan, iṣẹ́ tí oríkì kò gbà láti ṣe ló bẹ̀ ẹ́.

"Ọmọ ọmọ" náà ńkọ́? Lóòótọ́, nínú ilé, ọmọ tí ọmọ mi bí ni. Àmọ́ ẹ gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ níta: "Àwa ọmọ ọmọ Lágbájá la ni ilẹ̀ yìí." Ọjọ́ orí Lágbájá lè ti tó igba ọdún. Àrọ́mọdọ́mọ ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n sì fi ọmọ ọmọ sọ ọ́.

Nítorí náà, bí ẹnì kan nínú ìdílé Afala bá fi Yorùbá sọ ọ́ pé ọmọ Abíọ́dún ni wọ́n, òótọ́ pọ́ńbélé ló lè máa sọ. Yorùbá tó sọ kò ní àléébù. Bó ṣe dé etí Gẹ̀ẹ́sì ló fi gba iye ìran tí kò ní tẹ́lẹ̀, torí Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́ kí èèyàn sinmi: ṣé "daughter" ni àbí "granddaughter"? Ó pọn dandan kí akọ̀wé mú ọ̀kan. Gbólóhùn tí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lè gbé ni pé ìyá Crowther jẹ́ ti ìdílé tó ń ka ara rẹ̀ mọ́ Abíọ́dún. Kò dùn tó ti àkọ́kọ́, mo mọ̀. Òun ló dúró dáadáa.

Ẹ bi mí pé kí ló dé tó fi jẹ́ Abíọ́dún ṣáá. Ẹ wo Samuel Johnson, ẹni tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó gbajúmọ̀ jù. Ó parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tó fi ránṣẹ́ sí, ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó fi jáde ní 1921. Ìdílé Johnson náà ń di okùn wọn mọ́ Abíọ́dún. Nínú ìwé yẹn, Abíọ́dún ló gba Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ Gáà, ìgbà rẹ̀ ni àlàáfíà gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo nǹkan tú. Ìwé náà ròyìn pé ọmọ tí wọ́n ní ó bí lé ní 600. Bí ìdajì ìyẹn bá jẹ́ òótọ́, mélòó ni àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ á jẹ́ láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún? Apá tó pọ̀ nínú Ọ̀yọ́ lè pe ara wọn ní ọmọ Abíọ́dún láìpurọ́. Bí mo ṣe kà á ni pé, fún àwọn tí ogun tú ká dé Sàró, orúkọ yẹn dà bí àdírẹ́sì. Ó ń sọ pé: ilé wa wà, ó dúró, ó ní ọba, kí ayé tó dojú rú. Àdírẹ́sì yàtọ̀ sí ìwé ìbí.

"Cousin" wo? "Brother" wo?

Ẹ padà sí àwọn tí wọ́n so lókùn pọ̀ ní Òṣogùn. "Cousin" kan wà níbẹ̀. Ta ni? Yorùbá á ti sọ ọ́ fún wa: ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ni, àbí ọmọ àbúrò ìyá? Lóòótọ́ o, lẹ́nu àwọn ọmọ òde òní, "kọ́sìn mi" ti di Yorùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni "ọ́ńkù" àti "àǹtí". N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjàyí kọ "cousin" ní 1837, ó fi ọ̀rọ̀ kan bo apá méjì ìdílé mọ́lẹ̀. A kò lè fi lẹ́tà náà mọ̀ bóyá ará ilé bàbá rẹ̀ lẹni yẹn tàbí ará ilé ìyá rẹ̀. Ọkùnrin kan náà ló wá tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 kí àwọn aláwọ̀ funfun lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ wa ń sọ. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ti kọ́kọ́ sọnù sínú tiwọn.

Bákan náà ni ti 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ní Abẹ́òkúta, ìyá Crowther wá a débẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti já wọn gbà kúrò lọ́wọ́ ara wọn. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ojoojúmọ́ rẹ̀ pé "brother" òun ló bá ìyá wá. Ìbéèrè méjì ni "brother" kò dáhùn. Èkíní: ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò? Èkejì ló lágbára jù: ọmọ ìyá ni, àbí ọmọ bàbá? Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ kì í lò ó mọ́. Iyèkan ni àwọn tí ìyá so pọ̀. Ọbàkan ni àwọn tí bàbá so pọ̀. Ìdílé olórogún kò lè ṣe kó má mọ ìyàtọ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ìfẹ́ wà, ibẹ̀ náà ni ìjà wà.

Ẹ má rò pé eré àwọn onígírámà ni mò ń ṣe. Ẹ rántí ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó dé iwájú ìgbìmọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1962. Bàbá kan kú láìṣe ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Ṣé orí-ó-jorí ni wọ́n máa fi pín ogún, kí ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gba ìpín mẹ́sàn-án, àbí ìdí-igi, kí ìyá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdí kan, kí ogún pín sí mẹ́rin? Ìdí-igi ni ilé ẹjọ́ gbà pé ó jẹ́ àṣà Yorùbá gan-an. Nítorí náà, ìdílé tó bá fi "brother" kọ gbogbo ọmọkùnrin inú agboolé sínú ìwé ìtàn rẹ̀ ti pa ìdí-igi rẹ́, láìmọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tàbí oyè bá dé, ìwé yẹn kan náà ni ẹnì kan máa gbé lọ sílé ẹjọ́. A ti ń rí i.

Orúkọ tó ń bo orúkọ

Ohun kejì tó ń ṣi èèyàn lọ́nà ni orúkọ. Ọ̀pọ̀ rò pé bí àwọn bá ti mú orúkọ ìdílé, wọ́n ti mú okùn. Ẹ wo ti Crowther. Ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825 ni wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un, tí wọ́n sọ ọ́ ní Samuel Crowther. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù ni, ọmọ ìgbìmọ̀ CMS. Ẹni tó bá ń wá "Crowther" lọ sẹ́yìn 1825, ọ̀dọ̀ àwọn Òyìnbó ló máa bá ara rẹ̀.

Ó dáa, ká lọ sí Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ọmọ tó bá dojú bolẹ̀ bọ́ sáyé ni Àjàyí, yálà ní ààfin tàbí ní abúlé. Adé-, Àyàn-, Ọ̀jẹ̀-, Ifá- lè fi ilé tàbí iṣẹ́ ìdílé hàn. Àjàyí, Òjó, Àìná, Ìgè, Dàda kò lè fi í hàn. Wọ́n ń sọ bí ọmọ ṣe wáyé, wọn kì í sọ ẹni tó bí i.

Ìyá rẹ̀ wá ńkọ́? Wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Afala ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Bíbélì, ta ni Hannah? Ìyá Sámúẹ́lì ni. Ẹ ò rí i pé "Ìyá Àjàyí" ni wọ́n ṣì ń pè é, bí a ṣe máa ń fi orúkọ ọmọ pe ìyá, àfi pé wọ́n wọ aṣọ ìjọ fún un? Ẹni tó bá rí "Hannah" nínú ìwé ìrìbọmi, àjọṣe ìyá àti ọmọ ló rí. Kò tíì rí orúkọ obìnrin náà.

Afala fúnra rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa láìsí àmì ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ ti ìdílé Ọbàtálá á gbọ́ "àlà" nínú rẹ̀, aṣọ funfun òrìṣà. Ẹni tó bá fẹ́ kó jẹ́ orúkọ ẹni tó la ewu já á gbọ́ "là". Lẹ́tà márùn-ún kò lè dá wa lẹ́jọ́. Ìfẹ́ ọkàn wa ló ń fi àmì sí i. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìwé ṣe kọ ọ́.

Ìyàwó Crowther náà wà níbẹ̀. Asano ni ìwé pè é kó tó di Susan. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kà rí Hassana nínú rẹ̀, orúkọ Mùsùlùmí. Bẹ́ẹ̀ sì ni Abigail, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, ló bí Herbert Macaulay ní 1864. Nítorí náà, nídìí igi ìdílé bíṣọ́ọ̀bù yìí, tó tún jẹ́ ti bàbá òṣèlú Nàìjíríà, obìnrin kan jókòó tó ṣeé ṣe kí ilé Mùsùlùmí ti bí i. Ẹ wo bí àwọn orúkọ ṣe bo ara wọn: Macaulay bo Crowther, Crowther bo Àjàyí, Àjàyí bo Afala. Nínú àwọn ìdè mẹ́ta yìí, méjì ló gba ọ̀dọ̀ ìyá, ìyẹn láti Macaulay sí Crowther, àti láti Àjàyí sí Afala. Orúkọ ìdílé kò lè fi ìkankan nínú méjèèjì hàn yín.

Ìwé orúkọ Sàró

Àwọn kan nínú yín ti ń yẹ àwọn ìwé orúkọ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Freetown fún àwọn tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ ẹrú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ, akọ tàbí abo, ọjọ́ orí, bó ṣe ga tó, nígbà mìíràn wọ́n kọ ilà ara. Ìṣúra gidi ni. Mo rọ̀ yín kí ẹ lò ó, àmọ́ kí ẹ fi etí lò ó. Ògbufọ̀ ló ń pe orúkọ, akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ló ń kọ ọ́. Kò ní gb nínú èdè tirẹ̀, kò mọ ẹ yàtọ̀ sí e, kò sì gbọ́ ohùn rárá. Ẹ ka orúkọ náà sókè fún àgbàlagbà tó ń sọ ẹ̀ka èdè ìlú yín, kí ẹ tó pinnu ohun tó jẹ́. Bí ẹ bá sì rí Òjó kan nínú ìwé ọdún 1822, ẹ má yọ̀ pé ẹ ti rí Òjó yín. Gbogbo ọmọkùnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni Òjó.

Kí àwa wá ṣe?

Ẹ jẹ́ n fi ìbéèrè mẹ́rin lé yín lọ́wọ́, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn àgbà ilé yín nígbà tí wọ́n ṣì wà. Yorùbá ni kí ẹ fi bi wọ́n, kí ẹ sì kọ èsì wọn sílẹ̀ ní Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì.

Bí wọ́n bá sọ "ọmọ Lágbájá", ẹ bi wọ́n pé ṣé Lágbájá ló bí i lọ́mọ gan-an, àbí ilé Lágbájá ni wọ́n ti ṣẹ̀. Bí wọ́n bá sọ "bàbá mi", ẹ bi wọ́n ṣé bàbá tó bí wọn ni, àbí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó tọ́ wọn, torí bàbá ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá sọ "ẹ̀gbọ́n" tàbí "àbúrò", ẹ bi wọ́n ṣé ọmọ ìyá ni tàbí ọmọ bàbá. Ìkẹrin ni mo fi ṣe pàtàkì jù: ìyá ẹni yẹn ńkọ́, ọmọ ilé ta ni, oríkì wo sì ni wọ́n ń kì í? Ẹ má bi àwọn ọkùnrin nìkan. Ẹ wá àwọn ìyàwó ilé àti àwọn ọmọ osú lọ. Àwọn tó mọ oríkì ni wọ́n mọ ibi tí ìyá kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ẹnì kan lè sọ pé: "Prof, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa gbádùn ọba wọn jàre, ta ló pa lára?" Ó ń pa èèyàn lára. Ìdílé tó bá ti rí ọba máa ń ṣíwọ́ wíwá. Wọn kì í wá bàbá Àjàyí, tó sáré wọlé láti gba ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ là, tó padà sójú ogun. Wọn kì í bi pé ta ni "cousin" tí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ níbẹ̀. Afala pàápàá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dé ààfin ló dà lójú wọn. Obìnrin tí ogun kó tọmọtọmọ, tí wọ́n ta, tó tún wá ọmọ rẹ̀ dé Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún 25, tó sì gbé ayé títí di 1883, ó tóbi ju kí á máa fi ṣe àkàbà gun orí ìtẹ́ Ọ̀yọ́ lọ. Òun gan-an ni baba ńlá tí wọ́n ń wá. Ìyá ló jẹ́, ni wọn ò ṣe rí i.

 Bí ẹ bá ti gba èsì àwọn ìbéèrè mẹ́rin yẹn, ẹ mú un wá ká jọ kà á.